Ilẹ̀kùn Apá Òsì

Bọ́ọ̀sì bàbá mi ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí èrò ń gbà wọlé, apá òsì ni ilẹ̀kùn náà sì wà. Ẹni tí kò fi ojú sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lè wò ó kó má rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè wa, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń tọ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró ní etí títì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọjú sí koríko àti gọ́tà, níbi tí ènìyàn lè dúró sí láìséwu. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló kọjú sí àárín títì, níbi tí tírélà àti ọ̀kadà ti ń sáré kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èrò bàbá mi ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì wà ní kíláàsì SS2. Ní ọjọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi, èmi ni kọ̀ńdọ́ bàbá mi láti Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn títí dé Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú aròkọ yìí kò gùn: nígbà tí wọ́n yí bọ́ọ̀sì wa padà kó lè rìn ní Nàìjíríà, awakọ̀ ni wọ́n rò, wọn kò ro èrò.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa ló kọ́ wa láti máa wakọ̀ ní ọwọ́ òsì, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, Dàhómì tó ti di Benin, Niger, Chad àti Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń tọ̀. Awakọ̀ tó bá gba Sèmè kọjá gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà lójú ẹsẹ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló fi òpin sí i. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà fi òsì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọ̀tún. Gambia ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1965, Sierra Leone ní 1971. Ghana tẹ̀ lé wa ní 1974. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ìyá àgbà mi nígbà náà. Ó sọ fún mi pé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí òun bá fẹ́ sọdá títì, òun á wo ọ̀tún, òun á wo òsì, òun á tún padà wo ọ̀tún, òun á wá dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọdá.

Títì yí padà ní ọjọ́ kan. Ọkọ̀ ni kò tíì yí padà tán títí di òní. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí òkè òkun ni a ń sọ ní Tòkunbọ̀, a sì fún ọkọ̀ àlòkù tó gba orí omi dé ní orúkọ kan náà. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń sọ èdè ibi tó dàgbà sí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ ṣe ń gbé àṣà ìlú rẹ̀ bọ̀. Ní Japan àti ní ìlú Ọba, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tọ̀ títí di ìsinsìnyí, nítorí náà ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ wọn wà. Ní Japan, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń yẹ ọkọ̀ ilé wò, owó tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń ná sí i kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ wọn rí i pé ó sàn kí àwọn ta ọkọ̀ tó ṣì lágbára ju kí àwọn máa ná owó yẹn lọ. Àwọn ará Kenya, Tanzania àti Uganda ń rà á, bó ṣe dé náà ni wọ́n sì ń wà á, torí ọwọ́ òsì ni àwọn náà ń tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin kò gbà kí ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún máa rìn lójú pópó, àjọ FRSC sì ti kéde rẹ̀ léraléra. Ìdí nìyí tí owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń wálẹ̀, ìdí nìyí náà tí iṣẹ́ fi wà fún àwọn tó ń yí i sí ọlọ́sì.

Ní ọgbà mẹkáníìkì tí bàbá mi ń lò, mo ti wo iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe pé kí a kàn yọ sítíárìn ní ọ̀tún kí a fi há òsì. Wọ́n á kọ́kọ́ tú bátìrì, wọ́n á wá yọ dáṣíbọ́ọ̀dù lódindi. Rewáyà á fi àmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò ní gùn dé apá kejì mọ́, àfi kó fi òmíràn gùn ún. Wẹ́dà á lu ihò tuntun sí irin tó wà níwájú ẹsẹ̀ awakọ̀, fún ọ̀pá sítíárìn àti fún bíréèkì, á sì dí èyí tó wà ní ọ̀tún pa. Lábẹ́ ọkọ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ráàkì, òun ló ń darí táyà iwájú bí a bá ti yí sítíárìn. Ráàkì ọlọ́tùn-ún kò bá ọlọ́sì mu. Ó yẹ kí wọ́n lọ ra ti ọlọ́sì ní Géètì n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó.

Ibí yìí ni a ti ń mọ oníṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ jẹ èrè kíákíá. Oníṣẹ́ á pààrọ̀ ráàkì, á sì gbé gbogbo ẹ̀rọ bíréèkì wá sí òsì. Ẹnì kejì á fi ẹ̀rọ bíréèkì sílẹ̀ ní ọ̀tún, á wá jó ọ̀pá irin gígùn kan pọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹsẹ̀ tó wà ní òsì lè máa fi ọ̀pá yẹn tẹ ohun tó wà ní ọ̀tún. Bí wọ́n bá ti dá dáṣíbọ́ọ̀dù padà, ojú kò rí i mọ́. Ọjọ́ tí ibi tí wọ́n jó bá já ni awakọ̀ yóò tó mọ ohun tó rà.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Australia, níbi tí wọ́n ti ń tọ ọwọ́ òsì, àwọn ọkọ̀ ńláńlá bíi Ram àti Chevrolet Silverado ń ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú sítíárìn ní òsì, ilé iṣẹ́ sì wà ní ìlú Melbourne tó ń yí wọn sí ọlọ́tùn-ún kí wọ́n tó tà wọ́n. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò burú. Bí a ṣe ṣe é, àti ibi tí a ti dáwọ́ dúró, ni ìbéèrè.

Bàbá mi kò ra bọ́ọ̀sì rẹ̀ láìwò. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù. Nígbà tó rí Hiace náà, ó mú mẹkáníìkì dání, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ àti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ráàkì ọlọ́sì ni wọ́n bá níbẹ̀. Bíréèkì ti wá sí òsì. Kò sí ọ̀pá kankan tí wọ́n jó pọ̀. Inú wa dùn. Màmá mi se ìrẹsì, àwọn ará àdúgbò wá bá wa gbàdúrà sí ọkọ̀ náà. Sítíárìn ti wà ní òsì. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù pọ̀. Bàbá mi ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń bọ̀ lálẹ́, àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú máa ń ṣẹ́ iná sí òun bí ẹni tó ń bínú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olùkọ́ Físíìsì wa. Ó yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó. Ó ní iná iwájú ọkọ̀ kì í tan bákan náà sí ọ̀tún àti òsì. Bí a bá rẹ iná náà sílẹ̀, wọ́n ṣe é kó nà jáde sí etí títì, kó lè fi ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn hàn, kó sì tẹrí ba níhà ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀. Ní Japan, òsì ni etí títì wà. Nígbà tí a gbé iná yẹn wá sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ló ń nà sí. Wáípà náà ní tirẹ̀, ẹni tó jókòó ní ọ̀tún ló ń nu gíláàsì fún. Igun òsì, níwájú bàbá mi gan-an, omi òjò ń dúró síbẹ̀. A ra iná ọlọ́sì ní Géètì, a sì tún wáípà ṣe. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ilẹ̀kùn ni kò ṣeé ṣe bọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan nígbà ìsinmi tó kọjá, a ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀. Nígbà tí a dé Fìdítì, ìyá kan ké pé, "Ó wà o!" Bàbá mi yà sí etí títì, ó dúró dáadáa. Mo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, mo wo ẹ̀yìn, mo na ọwọ́ sí ìyá náà. Àpò èlùbọ́ kékeré kan wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kan ilẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà kan yọ láti ẹ̀yìn tírélà. Ọlọ́kadà náà gbìyànjú láti yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ kọ́ àpò náà. Ìyá ṣubú. Èlùbọ́ fọ́n sójú títì, ọ̀dà dúdú di funfun. Ìgúnpá rẹ̀ bó, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀.

Àwọn ènìyàn pé lé ọlọ́kadà lórí, wọ́n fẹ́ lù ú. Bàbá mi ló wọ àárín wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ló ṣe?"

Mo ti ro ìbéèrè yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Kí ló ṣe lóòótọ́? Bí ọkọ̀ bá dúró ní etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún, òsì rẹ̀ ni a ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kadà ṣe. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bàbá mi dúró sí ibi tó yẹ kí ọkọ̀ dúró sí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ṣe ohun tí kò yẹ, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìjàǹbá náà ti wà nínú ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kúrò ní títì tí wọ́n kọ́ ọ fún, tí wọ́n gbé e sí títì mìíràn láìyí ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

Bàbá mi gbé ìyá náà lọ sí ilé ìwòsàn, ó san owó, ó sì san owó èlùbọ́. Ní ọjọ́ kejì, a gbé bọ́ọ̀sì lọ bá pánẹ́ẹ̀lì bítà kan ní ọgbà mẹkáníìkì, pé kó gé apá ọ̀tún kó fi ilẹ̀kùn sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè gé e lónìí, kí n gbé ilẹ̀kùn sí i lọ́la," ni ọ̀gá náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Ó fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ lápá òsì, lókè ilẹ̀kùn, ó sì tún lu apá ọ̀tún. Ìró wọn kò dọ́gba. "Ẹnu ọ̀nà ilé ní àtẹ́rígbà tó gbé ògiri dúró. Àtẹ́rígbà ọkọ̀ yìí, apá òsì ni àwọn tó ṣe é fi í sí. Bí mo bá kàn gé apá ọ̀tún, a ti gé ohun tó di òrùlé mú nìyẹn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èrò."

Ó ní ọ̀nà kan tó dára wà: kí a wá Hiace ọlọ́sì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, irú kan náà, kí a ra ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú irin àti ilẹ̀kùn, kí a fi rọ́pò tiwa. Owó tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí a fi ra bọ́ọ̀sì náà. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọrùn fún ọ̀gá yẹn láti gé e kó gba owó rẹ̀, àwa ì bá sì máa yìn ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn òbí mi jókòó sọ ọ́.

"Ẹ tà á," ni màmá mi wí. "Ẹ jẹ́ kí a fi owó rẹ̀ ra èyí tó kéré, tó jẹ́ ọlọ́sì láti ibi tí wọ́n ti ṣe é."

"Ta ni kí n tà á fún?" ni bàbá mi dáhùn. "Ẹni tó bá rà á, ọ̀nà Ọ̀yọ́ yìí náà ni yóò gbé e sí. Ilẹ̀kùn ọ̀hún á ṣì wà níbi tó wà."

Màmá mi kò fèsì sí ìyẹn. Owó kan wà ní ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tó wà fún: WAEC àti JAMB tèmi lọ́dún tó ń bọ̀, àti ọjà tí màmá mi fẹ́ kó sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Kí lo rí sí i?" Kò bi mí ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní kí a kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò gba owó. A jọ fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkínní, a kò ní sọ èrò kalẹ̀ ní etí títì mọ́. Inú gáréèjì, ilé epo tàbí ibi tí bọ́ọ̀sì ti lè kúrò lórí ọ̀dà pátápátá nìkan ni a ó ti máa dúró. Èkejì, kọ̀ńdọ́ yóò bọ́ sílẹ̀, yóò lọ sẹ́yìn ọkọ̀, yóò wo ọ̀nà kó tó ní kí ẹnikẹ́ni dìde. Ẹ̀kẹta, ẹrù kò ní sí lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ni yóò gbé e fún un.

Kò rọrùn. Àwọn bọ́ọ̀sì mìíràn ń dúró níbikíbi tí èrò bá ti na ọwọ́, wọ́n sì ń kó èrò tó yẹ kó jẹ́ tiwa. Owó tí bàbá mi ń mú wálé dín kù. Ọkùnrin kan bú mi nítorí pé a gbé e kọjá ibi tó fẹ́ sọ̀ sí lọ sí ilé epo tó wà níwájú. Ó ní ṣé àwa nìkan la mọ ọkọ̀ wà ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó fara pa ní Fìdítì ti wọ ọkọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Nígbà kejì, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí mo fi wo ẹ̀yìn tán, ó sì sọ fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Má tíì dìde, dúró dè é."

Nígbà tí mo ń múra aròkọ yìí, mo kà nípa orílẹ̀-èdè Sweden. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, àwọn náà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wọn ni sítíárìn rẹ̀ ti wà ní òsì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí títì padà. Bọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn. Nǹkan bí 8,000 bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe kí ilẹ̀kùn lè wà ní apá méjèèjì. Àwọn ìlú bíi Gothenburg àti Malmö ta bọ́ọ̀sì tiwọn sí Pakistan àti Kenya, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tọ ọwọ́ òsì. Ẹnì kan jókòó nínú ọ́fíìsì kan ní Sweden, ó ro ibi tí ẹsẹ̀ èrò yóò tẹ̀.

Ìrònú yẹn ni mo fẹ́ kí a ní. Bí àwọn VIO àti àwọn FRSC bá ń yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n má ṣe wo sítíárìn nìkan. Kí wọ́n wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n wo iná, kí wọ́n sì wo ilẹ̀kùn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì mọ̀ pé owó tó fi dín lára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sọnù, ẹlòmíràn ló ń san án, ẹni náà sì lè jẹ́ ìyá arúgbó tó gbé èlùbọ́. N kò sọ èyí láti fi bú àwọn awakọ̀. Ọmọ awakọ̀ ni mí, owó bọ́ọ̀sì yẹn náà ló ń rán mi ní ilé ìwé.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì wa ṣì wà ní òsì. Ọ̀gá pánẹ́ẹ̀lì bítà ti bá wa rí ẹ̀gbẹ́ Hiace kan ní Géètì, bàbá mi sì ti san ìdajì owó rẹ̀. Ìdajì tó kù ni à ń wá.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ló jẹ́ tòkunbọ̀. Ní àárọ̀ ọ̀la, bí bọ́ọ̀sì ọmọ yín bá dúró, ẹ má kàn ju ọwọ́ sí i kí ẹ padà sílé. Ẹ wo apá ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ òsì ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ ibi tó ti ń sọ àwọn ọmọ kalẹ̀, àti ẹni tó ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ wo ẹ̀yìn.